Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Ràmọ́nì

Ogbooro,
Lọ́nà Ṣakí.
Ìgbà ọyẹ́.

Fàtímọ̀ Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa, ṣé ọmọ tó ń hu eyín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ti rí i hù? Ọlọ́run Ọba tó mú ọ dé Èkó láyọ̀ ni yóò máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ. Iná wáyà kò ní gbé ọ, omi inú páìpù kò ní gbé ọ lọ, ẹ̀rọ tí o fi ń ránṣọ nílé iṣẹ́ kò ní ṣi ìka rẹ pè ní aṣọ. Àmín. Baba yín ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú tí o mọ̀ ti bímọ, ọ̀kan kú nínú wọn. Ètè gbogbo wa ti là nítorí ọyẹ́, ọkà bàbà ti wọ àká, iṣu ọdún yìí kò tóbi ṣùgbọ́n ó dùn.

Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, má rò pé mo bẹ ẹnikẹ́ni. O mọ̀ pé Tíṣà Jẹ́ẹ́dé ló kọ́ àwa àgbà ní ìwé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì máa ń fi bírò pupa tún ohun tí mo bá kọ ṣe kí n tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Ti òní, n kò lè gbé e lọ fún wọn. Ìdí rẹ̀ wà níwájú. Nítorí náà, ibi tí o bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ wọ́, fi ojú ọmọ wò ó.

Kí n tó mú bírò, mo ti kọ́kọ́ lọ sí Ṣakí láti pè ọ́ lórí tẹlifóònù. Ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ bi mí pé nọ́ńbà wo ni mo fẹ́. Mo ní Fàtímọ̀ ọmọ Mùstàfá ará Ogbooro ni mo fẹ́, obìnrin pupa tó ní eéjí, tó ń ránṣọ ní Èkó. Ó ní nọ́ńbà ni òun ń bèèrè. Mo ní ìwọ ni àkọ́bí mi, nọ́ńbà kìn-ín-ní ni ọ́. Ó wò mí títí, ó ní màmá, ẹ má bínú, wáyà ti já lọ́nà Ìsẹ́yìn. Mo ní ta ló já a? Ó ní atẹ́gùn ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí wọ́n bá ti so ó tán, kí ó bá mi wí i sínú rẹ̀ pé kí Fàtímọ̀ dúró sílé, ìwé ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Ó ní òun yóò wí i. Bóyá o ti gbọ́.

Ó yá, jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Bí àga kò bá sí nítòsí, jókòó sílẹ̀. Isaac ọmọ Tíṣà Jẹ́ẹ́dé ti kú. Òun àti Ràmọ́nì àbúrò rẹ ni wọ́n jọ tún ohun tó pa á ṣe, Ràmọ́nì náà sì ti kúrò nílé. Ẹni tó rí i kẹ́yìn ní ọ̀nà Èkó ló kọjú sí. Jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí Ràmọ́nì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, n kò fẹ́ kí o bi í ní ìbéèrè kan tí yóò mú un tún un sọ.

O rántí àgọ́ àwọn òyìnbó tó ń wọn ọ̀nà, tó wà lẹ́yìn odò. Nígbà tí ìjọba ṣọ́jà dé tí owó tán nílẹ̀, àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, wọ́n fi àwọn ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ fún Ìyápọ̀ tó ń ṣọ́ àgọ́ náà. Alùpùpù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi máa ń wọ inú igbó lọ wo òkúta. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn, táyà rẹ̀ sì sanra bí àmù omi. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, eku ti bímọ sínú ìjókòó rẹ̀, agbọ́n ti kọ́lé sí ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ràmọ́nì gbé kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ fún Ìyápọ̀, ó sì gba nǹkan náà. Mo sunkún. Mo ní ọmọ mi gbé ohun tó ń rìn fún èèyàn, ó gba ohun tí kò lè rìn.

Kò pẹ́ sí i ni Ládòkun, ọkùnrin Ṣakí tó ń ta ohun èlò alùpùpù, kéde pé bí wọ́n bá kórè tán, òun yóò ṣe eré ìje alùpùpù ní Ogbooro níbí, kì í ṣe lójú títì, inú igbó ni. Wọn yóò gbéra láti pápá ilé ìwé, wọn yóò gba ọ̀nà oko, wọn yóò la inú odò tó ti gbẹ kọjá, wọn yóò yí àpáta ńlá tó wà lókè odò po, wọn yóò padà. Ẹni tó bá ṣíwájú yóò gba alùpùpù tuntun tí a kò tíì tú ọ̀rá lára rẹ̀. O mọ bí Isaac àti Ràmọ́nì ṣe rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń lé tata kiri ni ọ̀kan kò ti ní ọ̀rọ̀ tí èkejì kò mọ̀. Ràmọ́nì ń tún alùpùpù ṣe, Isaac ń jó irin lábẹ́ àtíbàbà kan náà, ẹ̀rọ tí Isaac fi ń jó irin sì kì í ṣe tirẹ̀, ó ń yá a ni. Wọ́n ní bí àwọn bá gba alùpùpù náà, àwọn yóò tà á, àwọn yóò fi ra ẹ̀rọ ìjórin tiwọn. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gba alùpùpù, ṣé kò yẹ kó ti ní alùpùpù ná? Wọ́n na ọwọ́ sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Gbogbo ìlú ló rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní arúgbó tó ń tẹ̀pá ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn. Ràmọ́nì kàn ń sọ pé kí wọ́n dúró di ìgbà tí àwọn bá dé inú iyanrìn odò.

Fàtímọ̀, ohun tí ojú mi rí ni n óò sọ, n kò sọ pé ó yé mi. Wọ́n kọ́kọ́ yọ iná ojú rẹ̀, wọ́n yọ mọ́gáàdì tó ń dí ẹrẹ̀ lórí táyà, wọ́n yọ irin tí wọ́n ń di ẹrù mọ́ lẹ́yìn. Mo bi Ràmọ́nì bóyá ó fẹ́ tà á wẹ́wẹ́ ni. Ó ní rárá, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ni. Mo ní báwo ni yóò ṣe ríran tí o ti yọ ojú rẹ̀? Ó ní ọ̀sán ni eré náà. Lọ́jọ́ kejì, ó tú afẹ́fẹ́ inú táyà dànù títí wọ́n fi rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù. Mo sáré lọ pe baba yín pé Ìyápọ̀ ti lu ọmọ wa ní jìbìtì, pé gbogbo táyà ló ti jò. Ràmọ́nì rẹ́rìn-ín, ó mú àtàǹpàkò mi, ó fi tẹ táyà náà. Ó ní Ìyá, ògbólógbòó ni èyí, kò ní sípíríǹgì bíi ti àwọn tuntun, táyà yìí nìkan ni yóò gba gbogbo kòtò àti òkúta mọ́ra, bó bá le, yóò máa ta sókè bí ọ̀pọ̀lọ́.

Irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, wọ́n gé e, Isaac fi páìpù tó nípọn jó o kí ó lè gùn sí i. Ṣáájú ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ yà, ńṣe ni yóò fẹ́ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó jókòó sílẹ̀ bí obìnrin tó fẹ́ lọ ata. Wọ́n tún yọ irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lẹ́yìn, wọ́n fi èyí tó tóbi sí i. Ràmọ́nì ní yóò dín eré rẹ̀ kù ṣùgbọ́n yóò fún un lágbára nínú iyanrìn. Títí di òní, kò yé mi ìdí tí ẹni tó ń lọ síbi eré ìje yóò ṣe dín eré kù. Mo sọ fún Ìyá Isaac, ó ní bóyá ó dà bí ẹni tó ń rọra jẹun kí ó lè jẹ púpọ̀.

Mo sì wá mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì a máa mí. Ó ní imú, eruku kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n gé fóòmù nínú ìrọ̀rí mi, wọ́n rì í sínú epo, wọ́n fi dí imú náà. Mo ní bí ó bá ń wúkọ́, èmi ní àgbo nílé. Isaac ní ẹ ṣeun Ìyá, kò tíì wúkọ́. Mo gbé òrí wá pé kí wọ́n fi pa ṣéènì. Isaac kò sọ pé kò wúlò, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi pa ọwọ́ ara rẹ̀ níbi tí iná ti ta á.

Ọ̀rọ̀ okùn ni mo fẹ́ kí o fetí sí dáadáa. Ràmọ́nì so okùn kékeré kan mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, orí kejì wà lára alùpùpù níbi tí iná ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá. Mo rò pé oògùn ni. Baba yín sáré wọlé, wọ́n ní ẹni tó bá so oògùn mọ́wọ́ kò ní sùn nínú ilé àwọn. Ràmọ́nì kò bínú. Ó gun nǹkan náà, ó fi í sí eré díẹ̀ nínú ọgbà, ó wá ta ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣubú. Okùn fà yọ, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí ẹni tó ń gùn ún bá já bọ́, ẹ̀rọ náà kò ní lè máa sáré gun orí rẹ̀. Baba yín ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó máa ṣe bísímíláì bí ó bá ń so ó. Ó sì ń ṣe é.

Ohun kan ṣẹ́kù. Ràmọ́nì ní ewu ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni pé ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún wà níwájú táyà ẹ̀yìn gan-an. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì, bó bá fẹ́ dà, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Èyí, bí o bá fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, táyà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gun ẹsẹ̀ náà, yóò sì wọ́ ọ sábẹ́. Nítorí náà, Isaac tẹ irin bí ọgbà kékeré, ó jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láti ya ẹsẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ táyà. Nígbà tó kan ẹ̀gbẹ́ òsì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin tán. Wọ́n wá a dé Ṣakí, wọ́n wá a dé Ìsẹ́yìn, kò sí. Ìwọ náà mọ bí ìlú ṣe rí, ọṣẹ àti ṣúgà pàápàá, à ń tò fún un ni. Isaac ní kò séwu, bí eré bá tán àwọn yóò ṣe é. Ràmọ́nì ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, ara òun ti mọ́ ọn.

Lálẹ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ tí wọn yóò sá eré náà, Ràmọ́nì gùn ún lọ sí àpáta pé kí òun tún ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Mo ya etí ìró mi, mo fi dì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè fọwọ́ náà di ife mú. Ó ní kí àwọn fi í sílẹ̀. Isaac ní ká fi í sílẹ̀ kẹ̀? Gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n ti fi wá rín, ká gbé e mì? Ó ní òun náà mọ alùpùpù gùn. Ràmọ́nì ní ẹlẹ́sẹ̀ méjì lo mọ̀ gùn. Isaac ní mẹ́ta ṣáà ju méjì lọ, ṣé kò yẹ kó rọrùn ni? A rẹ́rìn-ín, Fàtímọ̀. Èmi rẹ́rìn-ín, Ìyá Isaac rẹ́rìn-ín. Ràmọ́nì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Níwájú gbogbo èrò tó pé sí pápá, ó tú okùn náà kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ Isaac. Ó ní má fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ o. Isaac ní mo ti gbọ́. Ràmọ́nì ní bí ó bá fẹ́ dà, fi ara tẹ ibi tó ń gbé sókè, ṣùgbọ́n má fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Isaac ní ṣé ìwọ ni ìyá mi ni, ìyá mi nìyẹn, kò tíì sọ nǹkan kan.

Èmi àti Ìyá Isaac lọ dúró lábẹ́ igi igbá lókè odò, níbi tí a ti lè rí iyanrìn àti àpáta pa pọ̀. A kọ́kọ́ gbọ́ ariwo wọn kí a tó rí eruku. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ já sí odò, àwọn ọmọ Ṣakí, àwọn ọmọ Ìwéré-Ilé, àti ọ̀kan tó wá láti Ìjìó tó dé fìlà pupa. Gbogbo wọn ló rì sínú iyanrìn. Bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni táyà wọn ń gbẹ́lẹ̀, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fi èjìká tì í. Ìgbà náà ni Isaac dé. Fàtímọ̀, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń rìn lórí ẹní ni. Táyà rírọ̀ yẹn kò wọlẹ̀ rárá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ èkejì kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ onífìlà pupa kọjá, ó sì gbé ọwọ́ sókè kí wa. Ìyá Isaac bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó di ọwọ́ mi mú, àwa méjèèjì ń fò sókè bí ọmọdé, mo ń pariwo Aláhùákúbárù, òun ń pariwo Halelúyà. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lánàá ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yí àpáta po. A rí i tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbé sókè. Ó yẹ kí ó fi ara tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ara èèyàn, ohun tí ó bá ti mọ̀ ló máa ń ṣe. Ó na ẹsẹ̀ òsì, ó fi kanlẹ̀.

Táyà gun ẹsẹ̀ náà. Ó fà á mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ lórí okùn, gbogbo alùpùpù sì yí lu ikùn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Okùn fà yọ. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní ibi. Ọwọ́ Ìyá Isaac ṣì wà nínú ọwọ́ mi.

Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ Ládòkun láti lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Orí rẹ̀ wà lórí itan ìyá rẹ̀, èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, Ràmọ́nì ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára nu eruku kúrò lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ní egbò kankan. Ó bi Ràmọ́nì bóyá ibi tí òun jó lára irin ẹ̀yìn já. Ràmọ́nì ní kò já. Isaac ní mo sọ fún ọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn tó yé wa nìyẹn. Inú ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà sáré, mo rí i pé wọ́n sáré, ṣùgbọ́n oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n wá pe Tíṣà, tí wọ́n ti bá wa débẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àwọn ọmọ ìjọ wọn sin ín lọ́jọ́ kejì. Baba yín bá wọn gbẹ́ ilẹ̀. Ládòkun gbé alùpùpù tuntun náà wá sílé Tíṣà, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, ó ní ọmọ yín ló wà níwájú, tiyín ni. Tíṣà rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e padà, pé àwọn kò ní ibi tí àwọn máa gbé e sí tí ojú ìyá rẹ̀ kò ní í dé.

Lẹ́yìn náà ni ẹnu ayé yà. Wọ́n ní gbogbo ojú ló rí Ràmọ́nì tó tú nǹkan kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀ tó so ó mọ́ ọwọ́ ọmọlọ́mọ. Wọ́n ní ikú tirẹ̀ ló so mọ́ ọn. Wọ́n ní ọwọ́ tó wú náà, irọ́ ni. Àwọn tó gbé alùpùpù wá fún un kí ó tún un ṣe wá ń gbé e lọ láìkí i. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra nígbà tí Ràmọ́nì ń kọjá, ojú mi ló ṣe. Mo ní kí ó dá wọn lóhùn. Ó ní Ìyá, kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi ni mo so ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi ni mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì kò ní irin. Kò jẹun, kò sunkún. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Jímọ̀, baba yín lọ jí i fún ìrun, ẹní rẹ̀ wà ní kíká. Kò mú àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí o mọ̀ pé kì í lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n baba yín pàápàá láìmú sípánà dání.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan náà. Bí a ti ń jáde ní mọ́ṣáláṣí, a rí Tíṣà Jẹ́ẹ́dé tí àwọn nìkan ń ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà bọ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ náà. Gbogbo èrò fà sẹ́yìn. Tíṣà dúró, wọ́n kí wa kú Jímọ̀, wọ́n so okùn náà mọ́ ọrùn ọwọ́ ara wọn. Wọ́n mú kí ẹ́ńjìnnì dún, wọ́n sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó dákẹ́. Wọ́n tún mú un dún, wọ́n tún fa ọwọ́. Ó dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí ó wá so ó wò, kò sí oògùn nínú rẹ̀, wáyà ni. Wọ́n ní okùn yìí ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí fa ọmọ àwọn ya, òun ni àwọn fi rí ojú rẹ̀ kí àwọn tó sin ín. Wọ́n ní Ràmọ́nì ní ohun kan ṣoṣo tó lè gba ẹ̀mí là, ó bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá tún fẹ́ pe ọmọ àwọn tó kù ní apànìyàn, kí ó wá pè é bẹ́ẹ̀ lójú àwọn.

Nígbà tí Tíṣà fẹ́ ti nǹkan náà padà, agbára wọn kò gbé e mọ́. Baba yín bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, obìnrin tó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra lọ́jọ́sí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n bá wọn tì í délé.

Ṣùgbọ́n Ràmọ́nì kò sí níbẹ̀. Gbogbo ìlú ti gbọ́ ohun tó dá a láre, òun nìkan ni kò gbọ́.

Dírẹ́bà kan tó ń kó iṣu sọ pé òun rí Ràmọ́nì tó jókòó sórí ẹrù iṣu ọkọ̀ kan ní gáràjì Ìsẹ́yìn, ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó, ó ní aṣọ aláwọ̀ aró ló dì mọ́ ọwọ́. Ìró mi nìyẹn. Fàtímọ̀, wọ́n sọ fún mi pé Èkó tóbi, mo mọ̀, ó tóbi ju Ṣakí lọ. Ṣùgbọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń já iṣu, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún alùpùpù ṣe. Bí o bá rí ọmọkùnrin kan tó lóṣòó tó fi etí ti ẹ̀rọ bí ẹni tó ń gbọ́ àlá lẹ́nu ọmọdé, òun ni. Wọ́n ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò a máa pe orúkọ ẹni tó sọnù. Lọ bá wọn, ṣùgbọ́n sọ fún wọn kí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, kí ó má rò pé wọ́n fẹ́ mú un.

Nínú gbogbo ìwé tí mo ń kọ sí ọ, o mọ̀ pé ìparí rẹ̀ owó ni. Ti oṣù yìí, má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. A kò ní kú. Èyí tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, fi wọ ọkọ̀, kí o máa fi wá àbúrò rẹ, bí ó bá tán kí o kọ̀wé, baba yín yóò ta ewúrẹ́ dúdú.

Bí o bá rí i, má pariwo, má bi í ní nǹkan kan. Sọ ohun tí Tíṣà ṣe fún un. Mo ti fẹ́ parí ìwé yìí ni Ìyá Isaac wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń kọ ọ́, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní kí n fi tòun sí i. Ó ní kí n sọ fún Ràmọ́nì pé òun ṣì ń bu oúnjẹ Isaac sọ́tọ̀ lálaalẹ́, ọwọ́ òun kò tíì mọ bí a ṣe ń dín in kù, oúnjẹ náà sì ń bàjẹ́. Ó ní kí ó wá máa jẹ ẹ́.

Ọlọ́run yóò fi ẹsẹ̀ rẹ ko ọ̀nà tí àbúrò rẹ ń gbà. Ọwọ́ rẹ yóò tẹ̀ ẹ́ láàyè. N kò ní wá ọ̀kan kí n pàdánù èkejì. Àmín, àmín.

Èmi ni ìyá yín,
Sàfúrátù.